Kí Ewéko Tó Di Tuntun

Ní ọdún 1894, àwọn kan wá láti Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghánà lónìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá igi irẹ́ nínú igbó ẹ̀yìn Èkó. Wọ́n ń gba oje rẹ̀, wọ́n ń sè é di rọ́bà. Kò pẹ́ tí àwọn onílé náà fi gbé àdá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, rọ́bà tó gba Èkó lọ sókè òkun wọ̀n ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ, ìyẹn ju 2,000 tọ́ọ̀nù.

Irẹ́ kì í ṣe àjèjì igi. Ó ti lórúkọ kí òyìnbó tó bèèrè rẹ̀. Yorùbá sì ní akọ irẹ́, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn igi tó fara jọ irẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbin irú igi bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn nílò orúkọ tí gbogbo ayé ń lò. Wọ́n wádìí lọ́dọ̀ Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Kew dáhùn nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní 1895 pé Kickxia africana ni, orúkọ tí George Bentham ti fún igi kan láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1879.

Ìròyìn yìí dé etí àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà. Inú wọn dùn, nítorí Kickxia africana wà nínú igbó tiwọn náà. Wọ́n ṣá a. Oje jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sè é, àtè lásán ló dà. Paul Preuss, tó ń bójú tó ọgbà ewéko ní Victoria, ìlú tó ń jẹ́ Limbe báyìí, ló wá tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ó rí i pé igi méjì ni wọ́n ti pa pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Igi tó ń di rọ́bà, ìrudi òdòdó rẹ̀ kúrú, ó sì ki. Orí èso rẹ̀ ṣe róbótó. Èkejì, ìrudi rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, èso rẹ̀ sì ṣóńṣó lẹ́nu. Ní 1899, Preuss tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń di rọ́bà, ó pè é ní Kickxia elastica. Láìpẹ́ sí i, Otto Stapf ní Kew rí i pé àwọn igi Áfíríkà méjèèjì kò tilẹ̀ bá àwọn Kickxia ti Java tan. Ó yọ wọ́n sọ́tọ̀, ó pè wọ́n ní Funtumia, orúkọ tó mú láti èdè Akan. Funtumia elastica ni irẹ́ ń jẹ́ nínú ìwé títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Igi tí àìmọye ènìyàn ti ṣá fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, tí owó rẹ̀ ti kọ́lé, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ti kú sínú igbó nítorí ìṣákúṣàá, òun ni ewéko tuntun ọdún 1899. Tuntun tí à ń wí níhìn-ín kò kan ìgbà tí ewéko dé ayé, kò sì kan ìgbà tí ojú ènìyàn kọ́kọ́ rí i. Ìdájọ́ ni. Ẹnì kan ti fi ewéko náà wé gbogbo èyí tó ti lórúkọ nínú ìwé, kò rí èyí tó bá a mu, ó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn ti lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kódà kó jẹ́ láti já a nírọ́. Ohun tó kù nínú iṣẹ́ náà, àlàyé lórí bí wọ́n ṣe ń dé ibi ìdájọ́ yẹn ni.

Ká sọ pé Akútè, ìlú kan lẹ́bàá Èkó, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Odò Ògùn ti Abẹ́òkúta bọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀sà. Láti Akútè ni ìjọba Èkó ti ń fa omi tí wọ́n ń sẹ́ ní Ìjù àti Adìyàn. Ilé ti gba ilẹ̀ gíga tán ní Ajúwọ̀n àti Alágbọ̀lé. Àbàtà etí odò ló ṣẹ́ kù, òun náà ni tìpà yanrìn sì ń dé sí lójoojúmọ́. Ẹnì kan tó lọ wo ilẹ̀ níbẹ̀ rí igi kékeré kan tó ń rúwé nínú omi, òdòdó rẹ̀ funfun, oje rẹ̀ pupa. Ó bi àwọn àgbà ibẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ó bi àwọn lẹ́kulẹ́ja, wọ́n mi orí. Ṣé ewéko tuntun nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àlejò. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí onímọ̀ ewéko máa ń rò, ó sì sábà máa ń jẹ́ òótọ́. Ní 1984, koríko orí omi kan tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò ya wọ omi Badagry láti apá Benin, ó bo ojú ọ̀sà, ó dí ọ̀nà mọ́ apẹja. Kò sí apẹja tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láti 1823 ló ti lórúkọ nínú ìwé, nítorí Bràsíl ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Akíntọ́lá náà, ewé tó gba gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n pa tì láti Mòwé dé Ìbàfò, Amẹ́ríkà ló ti wá, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, sì ti fún un lórúkọ kí ọdún 1760 tó pé. Lẹ́bàá ojú títì tó ń lọ sí Ìbàdàn, àjèjì ewéko pọ̀ débi pé ẹni tó bá ń wá ohun tuntun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ewéko ilẹ̀ mìíràn.

Bí kò bá jọ àlejò, ó di dandan kí wọ́n gé ẹ̀ka. Fótò dára, ṣùgbọ́n fótò kò ṣeé là wò lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá. Ẹ̀ka tí kò ní òdòdó tàbí èso kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ewé máa ń tanni jẹ: lórí igi kan náà, ewé tó wà níbi òjìji lè fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èyí tó wà lójú oòrùn. Òdòdó kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Iye fọ́nrán tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe so mọ́ ara wọn, ibi tí ilé ọmọ rẹ̀ jókòó sí, nǹkan wọ̀nyí kì í tètè yí padà láti igi kan sí èkejì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìdájọ́ lé e lórí láti ayé Linnaeus.

Ẹni tó mọṣẹ́ yóò gé ẹ̀ka tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, yóò sì gé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i láti ara igi kan náà bí igi náà bá gbà á. Ọ̀kan yóò dúró nílùú, ìyókù yóò lọ sí ibòmíràn, kí iná má baà jó gbogbo ẹ̀rí pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1943, bọ́ǹbù sun ilé ewéko gbígbẹ Berlin, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jóná, títí kan ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tí àwọn Jámánì kó láti Áfíríkà. Àwọn ewéko tí ẹ̀ka wọn kejì wà ní Kew tàbí ní Paris rí ẹlẹ́rìí mìíràn dìde fún wọn. Nínú àwọn tí kò ní, orúkọ àwọn kan ṣì ń fò lófuurufú títí di ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn gígé ni títẹ̀. Wọn yóò tẹ́ ẹ̀ka náà sáàrin ìwé ìròyìn, wọn yóò yí ewé kan dojú bolẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn, wọn yóò tò ó lé páálí, wọn yóò sì fi okùn dè é pinpin láàrin pákó méjì. Ibi tí iṣẹ́ ti le fún wa nìyí. Ní ilẹ̀ gbígbẹ, oòrùn nìkan tó. Ní etí odò Ògùn nínú oṣù Kẹfà, ohun tí wọ́n tẹ̀ lálẹ́ ti ń hu olu ní ọjọ́ kejì. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, kí wọ́n sì gbé pákó náà sókè orí sítóòfù kẹrosíìnì tàbí gílóòbù gbígbóná, kí ooru máa gba àárín páálí kọjá, láìjẹ́ pé ewé jóná. Bí kò bá sí iná rárá, wọ́n á da sípírítì sí i, wọ́n á wé e pa sínú náílọ̀n títí wọ́n fi máa délé. Àwọ̀ á ṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kò ní jẹrà. Ní báyìí, wọ́n tún máa ń já ewé díẹ̀ sínú àpò kékeré tí wọ́n ti da sílíkà sí, kí ó lè yára gbẹ fún àyẹ̀wò DNA.

Ìwé kékeré tó ń bá ẹ̀ka rìn ṣe pàtàkì tó ẹ̀ka fúnra rẹ̀. Nọ́ḿbà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, nọ́ḿbà tí ẹni tó gé e kò ní lò fún nǹkan mìíràn títí ayé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́, ibi tí wọ́n ti gé e, gíga igi, irú ilẹ̀, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Pàápàá jù lọ, ohun tí gbígbẹ máa pa rẹ́: àwọ̀ òdòdó, òórùn rẹ̀, àwọ̀ oje. Ẹni tó bá gbàgbé láti kọ ọ́ pé oje náà pupa ti pa ìdajì ẹ̀rí, nítorí ẹ̀ka gbígbẹ kì í ṣun oje.

Ibi tí ẹ̀ka yìí ń lọ ni Forest Herbarium, ilé ewéko gbígbẹ tó wà ní àjọ ìwádìí igbó, FRIN, ní òkè Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn. FHI ni àmì rẹ̀ nínú ìwé gbogbo àgbáyé. Ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Wọ́n fi ìran to gbogbo wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣí Flora of West Tropical Africa, ìwé tí Hutchinson àti Dalziel kọ láàrin 1927 sí 1936, tí Keay àti Hepper sì tún ṣe láàrin 1954 sí 1972. Ìbéèrè méjìméjì ni ìwé náà máa ń bi ènìyàn. Ṣé ewé kọjú síra wọn lórí ẹ̀ka ni, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jáde? Ṣé oje ń bẹ? Ṣé ewé òdòdó so pọ̀ nísàlẹ̀, àbí ó dá wà? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń ti èèyàn sí ìbéèrè mìíràn, títí yóò fi kan orúkọ. Bí orúkọ bá jáde, wọn á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọn á fi ẹ̀ka tuntun lé ẹ̀gbẹ́ àwọn ti àtijọ́. Nígbà mìíràn, ènìyàn á dé ibi tí ìwé ní kó yan ọ̀kan nínú méjì, ewéko náà sì kọ méjèèjì. Níbẹ̀ ni ara onímọ̀ ewéko máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Síbẹ̀, yíyàtọ̀ kò tíì di ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Mélòó ni ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tó kà? Kò sí òṣùwọ̀n tí gbogbo wọn gbà lórí èyí, ààpọ̀n sì ni mo fi ń rántí rẹ̀. Edward George Irving, dókítà ọmọ ogun ojú omi Bìrìtìkó kan, gbé ní Abẹ́òkúta, ó kó ewéko apá ibẹ̀, ó sì kú ní 1855. Ní 1860, Joseph Hooker fi orúkọ rẹ̀ pe ìran igi ààpọ̀n: Irvingia. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ìwé pa ààpọ̀n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, Irvingia gabonensis, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ tó ń kó o mọ̀ pé irú méjì ló wà. Ọ̀kan, ara èso rẹ̀ dùn, ènìyàn ń jẹ ẹ́, àkókò òjò ló sì ń so. Èkejì korò, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń so, kóró rẹ̀ ni ọbẹ̀ ń yọ̀ sí dáadáa. Ní 1975, J. C. Okafor, onímọ̀ igbó ọmọ Nàìjíríà, kọ ọ́ sínú ìwé pé méjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì kà wọ́n sí oríṣi méjì nínú ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ní 1996, David Harris tú gbogbo Irvingia Áfíríkà wò, ó dájọ́ pé ẹ̀yà méjì gan-an ni. Kò sì fún èyí tó korò ní orúkọ tuntun. Kò lè ṣe é. Vermoesen ti pe irú rẹ̀ ní Irvingia wombolu ní 1923 ní ilẹ̀ Kóńgò, orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde lọ́nà tó tọ́ ló sì máa ń borí. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé òun ní ẹ̀yà tuntun lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wá gbogbo orúkọ tí ẹnikẹ́ni ti pe irú rẹ̀ rí, láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1753, ọjọ́ tí òfin gbà pé ìwé Linnaeus jáde, títí di àná. Iṣẹ́ orí tábìlì yìí máa ń gba àkókò ju ti inú igbó lọ, ó sì sú ni díẹ̀.

Ká gbà pé gbogbo rẹ̀ yọrí sí rere, pé igi Akútè yìí kò bá ẹnikẹ́ni mu. Ó kù kí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀, kí wọ́n sì so orúkọ mọ́ ọn. Àpérò àgbáyé àwọn onímọ̀ ewéko, èyí tó kẹ́yìn wáyé ní Madrid ní 2024, ló ń ṣe òfin èyí. Láti 1958, òfin náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ fún ewéko lórúkọ mú ẹ̀ka kan ṣoṣo láàrin gbogbo èyí tó gé, kí ó sì kéde pé èyí ni ẹlẹ́rìí orúkọ náà. Holotype ni wọ́n ń pè é. Láti 1990, ó tún gbọ́dọ̀ sọ ilé tí ẹ̀ka náà wà.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Akútè á yára lóye ohun tí ẹ̀ka yìí ń ṣe. Òpó kọnkéré tí sọ̀féyọ̀ rì sí igun ilẹ̀ ni. Ìwé lè ṣì sọ, ọmọ onílẹ̀ lè yí ọ̀rọ̀ padà, ẹni tó yàwòrán ilẹ̀ lè fa ìlà gba ibi tí kò yẹ; nígbà tí ìjà bá dé, òpó ni gbogbo wọn ń lọ wò. Bí ó bá di ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà tí ẹnì kan wá sọ pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n dà pọ̀ nínú àpèjúwe igi Akútè, orúkọ kò ní di ọ̀rọ̀ ìbò. Èyí tí ẹ̀ka ẹlẹ́rìí jẹ́ nínú méjèèjì ni yóò gba orúkọ, èkejì yóò lọ wá tirẹ̀.

Àpèjúwe fúnra rẹ̀ ní ìlànà. Apá kan sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹbí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ní gbólóhùn kan tàbí méjì. Òun ni ọkàn ọ̀rọ̀. Ìyókù jẹ́ àkójọ láti orí igi dé kóró, láìsí ọ̀ṣọ́. Bí a bá fi irú èdè yẹn kọ ti irẹ́ ní Yorùbá, á rí báyìí: igi, gíga rẹ̀ tó mítà 30, oje funfun, ewé méjìméjì, kíkọjúsíra, dídán, ihò kékeré lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí iṣan ẹ̀gbẹ́ ti pàdé iṣan àárín, òdòdó funfun sí ìyeyè, ṣíṣù ní ìdí ewé, èso méjìméjì, líle bí igi, orí róbótó, kóró pẹ̀lú irun gígùn tó ń dán. Ọ̀rọ̀ ìṣe ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ó le létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á ní Brazzaville á lè fi dá igi mọ̀.

Àmọ́ òfin kò ní gba ti Yorùbá yẹn. Láti 1935 títí di òpin 2011, èdè Látìn nìkan ló gbà. Láti 2012, Látìn tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kí ọdún 1935 tó wọlé, èdè yòówù tí ènìyàn bá fi kọ ọ́ ló tọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta tó bá ṣàpèjúwe ewéko kan lédè Yorùbá ní 1934, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, iṣẹ́ rẹ̀ ì bá dúró lábẹ́ òfin títí dòní. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ṣe é. Orúkọ kejì tí wọ́n ń fún ewéko, èyí tó ń tẹ̀ lé orúkọ ìran rẹ̀, ṣì lè wá láti èdè tó bá wù wọ́n: Pterocarpus osun ni igi osùn ń jẹ́ ní gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Kyoto.

Wọ́n tún máa ń fi orúkọ dá ènìyàn lọ́lá. Obì ẹdun, Cola millenii, ń rántí Millen tó bójú tó ọgbà ewéko ìjọba ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òfin kò kà á léèwọ̀ pé kí ènìyàn fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ewéko, ṣùgbọ́n ojú á ti ẹni tó bá ṣe é. Èyí tó wù mí jù ni ti Baphia, ìran tí ìrosùn wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. O. Ṣóládoyè, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní FRIN, tí wọ́n sì wá kọ́ni ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ni wọ́n tú gbogbo ìran náà wò, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú Kew Bulletin ní 1985. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fún lórúkọ ni Baphia latiloi. Latilo wà lára àwọn tó ń kó ewéko fún ilé ewéko gbígbẹ Ìbàdàn. Orúkọ rẹ̀ àti ti Daramola ló wà lára ọ̀pọ̀ ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka àwọn ọdún 1950. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọ ìwé. Wọ́n ń gun igi ni, wọ́n ń tẹ ẹ̀ka, wọ́n ń kọ nọ́ḿbà. Orúkọ òyìnbó tó dúró nísàlẹ̀ igi ló pọ̀ jù nínú orúkọ ewéko wa, nítorí náà, kí Yorùbá kan fi orúkọ akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ igi jẹ́ ohun tó yẹ ká máa kọ́ ọmọ ní ilé ìwé.

Ní gbogbo ayé, nǹkan bí 2,000 ewéko ló ń gba orúkọ báyìí lọ́dọọdún. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé nínú mẹ́fà, bóyá ọ̀kan ló ń rí àpèjúwe kí ọdún márùn-ún tó kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ẹ̀ka rẹ̀. Bí ìdámẹ́rin ni ẹ̀ka wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà rò pé ó ju ìdajì àwọn ewéko tí kò tíì lórúkọ lọ tí ènìyàn ti gé, tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n ti tò jọ. Ẹni tó máa jókòó tì wọ́n ni kò sí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ka kan wà ní Jẹ́ríkò báyìí tí wọ́n gé ní etí odò Ògùn kí ilé tó dé Akútè rárá, tí ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ "a kò mọ̀ ọ́n" sí lára.

Pípẹ́ yìí ní ewu, nítorí ohun tí kò lórúkọ kò lè wọ ìwé ohun tó ń kú lọ. Àjọ IUCN, tó ń ṣe ìwé náà, kì í kọ "igi kan" sílẹ̀. Ní Kamẹrúùnù, ìjọba fẹ́ fi igbó Ebo fún àwọn agégẹdú ní 2020, wọ́n sì fagi lé e lẹ́yìn tí ariwo pọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ewéko láti Kew àti Yaoundé tẹ àpèjúwe igi kékeré kan jáde láti inú igbó náà, tí òdòdó rẹ̀ ń yọ lára ìtì. Wọ́n pè é ní Uvariopsis dicaprio, nítorí Leonardo DiCaprio, òṣèré Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó pariwo. Igi tí wọ́n rí kò tó àádọ́ta. Àwọn kan ní àṣejù ni kí wọ́n fi orúkọ òṣèré sọ igi. Àmọ́ àwọn ìwé ìròyìn tí kì í ka ọ̀rọ̀ igi sí gbé e jáde lọ́jọ́ náà, àwọn tó ṣàpèjúwe igi náà sì ti sọ pé ó wà nínú ewu ńlá.

Ẹni tó bá wá rí ohun tí kò yé e nínú àbàtà Akútè tàbí lẹ́yìn Ìfọ̀, kò gbọ́dọ̀ hú u. Kí ó ya fótò gbogbo igi náà, ẹ̀yìn ewé, iwájú òdòdó, ẹ̀gbẹ́ òdòdó, àti èso tí wọ́n là sí méjì. Kí ó kọ ibi tó wà sílẹ̀. Fóònù máa ń sọ nọ́ḿbà ibẹ̀. Bí igi náà bá lé ní mẹ́wàá níbẹ̀, tí onílẹ̀ sì gbà, kí ó gé ẹ̀ka kan tó ní òdòdó, kí ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn àná pẹ̀lú páálí, kí ó sì gbé e lọ sí ilé ewéko gbígbẹ yunifásítì Èkó ní Akọ́kà, tó sún mọ́ wa ju Ìbàdàn lọ. Kí ó má ṣe dì í sínú ọ̀rá náílọ̀n láìfi sípírítì sí i. Bí sún kẹrẹ fà kẹrẹ Berger ṣe rí yìí, á ti jẹrà kó tó kọjá Ọ̀jọ́dù.